Ìyá tó kàwé, tó sì rìn jìnnà: Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ CEG kan sọ níwájú àwùjọ níbi ọdún ìbílẹ̀ wa

    

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mo dúró níbí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lo ọdún 77 lókè eèpẹ̀. Ibi tí ẹnu mi bá ti kéré, ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi fi kún un.

Nígbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìyá àgbà kan tó jẹ́ òpó ìdílé, tó fẹ́ràn ìwé, tó sì rìn jìnnà, ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ìyá ti agboolé wo?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ń sọ. Bí mo bá mú ìyá kan ní agboolé kan ní Manigri, agboolé kejì á ní ṣé àwọn kò bímọ ni? A wá fẹnu kò pé kí n mú ẹni tí ìtàn rẹ̀ ti wà nínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni níbí kò lè bá ẹnì kejì du. Bí mo ṣe rékọjá ààlà lọ sí Abẹ́òkúta nìyẹn.

Ní kíláàsì troisième tí mo ń kọ́, mo béèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni Fẹlá. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ìjókòó. Mo ní ta ni ìyá Fẹlá? Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọ kan ní, "Ìyá olórin ni." Òótọ́ ni, kò parọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Fẹlá, ìyá yìí ti gbé ìlú òyìnbó, ó ti darí dé, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn obìnrin ní ìwé. Ọmọ ló wá bò ó mọ́lẹ̀ lójú wa. Ní ìhà tiwa yìí, níbi tí ìwé Faransé ti ń kọ́ wa ní ìtàn, ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti mọ orúkọ gbogbo ọba ilẹ̀ Faransé ju kó mọ ìyá kan tó ń gbé ní ibi tí ọkọ̀ lè gbé e dé láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn díẹ̀, torí pé ìrìn-àjò àkọ́kọ́ nínú ìdílé náà, ẹ̀rù ló dì í, kì í ṣe ìfẹ́. Sarah Taiwo ni orúkọ ìyá bàbá bàbá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, àwọn olówò ẹrú mú un lọ. Ọlọ́run ṣe é, ó padà bọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ Ebenezer Sobowale Thomas, ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ni wọ́n ti bí i. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ìtàn àwọn Nàgó mọ irú ogun tí mò ń sọ. Ogun Dàhòmì dé Abẹ́òkúta ní 1851, ó tún padà dé ibẹ̀ ní 1864, ó sì run Kétou ní 1886. Àwọn tí wọ́n kó lọ, díẹ̀ ló padà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ-ọmọ Sobowale wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun, tó sì padà wálé ní àlàáfíà, ẹ ronú kan ìyá àgbà tó ti wọ ọ̀nà ní tipátipá ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí ọmọ náà. Daniel Olumeyuwa Thomas ni bàbá, Lucretia Phyllis Omoyeni Adeosolu ni ìyá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pọ̀: Frances, Abigail, Olúfúnmiláyọ̀, Olúfẹlá, Fọlọ́runṣọ́. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rí ibi tí Fẹlá ti wá.) Ọdún 1908 ni wọ́n dá ilé ìwé Abeokuta Grammar School sílẹ̀, ọkùnrin nìkan ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1914, wọ́n gba ọmọbìnrin. Orúkọ Frances Thomas ló wà níwájú nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Mo máa ń ronú lórí àwọn òbí yẹn. Lóde òní gan-an, nígbà tí ìjọba ti ní kí ọmọbìnrin má san owó ilé ìwé ní CEG láwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, mo ṣì máa ń lọ bá bàbá kan tàbí méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìwé, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ padà. Ní 1914, ta ló wá bẹ Daniel Thomas?

Lọ́dún 1919, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wincham Hall, ní ìhà Cheshire. Ó kọ́ orin, ó kọ́ aṣọ rírán, ó kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, ó sì kọ́ èdè Faransé. Ẹ gbọ́ o, Faransé yìí kan náà. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún kó tó padà wálé.

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́tí sí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà lè wo ilé fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà. Ọmọ tó jáde nílé tó ń jẹ́ Frances, nígbà tó padà dé, ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ rò pé ojú tó rí lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ló mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a lọ sílé ìwé ní ìhà ibí mọ signal. Ẹni tó bá fi ẹnu ba èdè ilé, wọ́n á so ó mọ́ ọn lọ́rùn, á sì gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Mo gbé e rí, ọ̀pọ̀ yín gbé e rí. Ohun tí ilé ìwé ń kọ́ni nípa rẹ̀ ni pé bí o bá fẹ́ ìwé, kí o fi èdè ìyá rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá yìí lọ jìnnà ju gbogbo wa lọ, ó mu ìwé náà láti orísun rẹ̀, ó sì gbé èdè àti orúkọ rẹ̀ padà wálé. Nígbà tó dàgbà tó di aṣíwájú, ìró àti bùbá ló máa ń wọ̀. Bí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá pè é sí ìpàdé, Yorùbá ló máa fi dá wọn lóhùn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju akọ̀wé wọn lọ o! Wọ́n á wá ògbufọ̀ lọ.

Ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1925 ló fẹ́ Israel Oludotun Ransome-Kuti. Olùkọ́ ni ọkọ, olùkọ́ ni ìyàwó. Ọkọ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta láti 1932. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà, ní 1931. Ẹ wo irú ilé tí ìwé pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wọn: Dolupo ní 1926, Olikoye ní 1927, Fẹlá ní 1938, Bẹ́kọ̀ ní 1940. Nọ́ọ̀sì kan, dókítà méjì, olórin kan. Olikoye ṣe mínísítà ìlera Nàìjíríà láti 1985 dé 1992. Àwọn ará ilé àti ọmọ ilé ìwé máa ń pe ìyá náà ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ń pe àkọ́bí obìnrin. Ọkùnrin tó kọ ìwé Aké ní 1981, Wọlé Ṣóyínká, ìbátan ọkọ rẹ̀ ni. Nínú ìwé yẹn, ó fi ojú ọmọdé wo ilé náà àti ìjàkadì àwọn obìnrin tí mo ń bọ̀ wá sọ. Ìwé náà wà ní èdè Faransé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní lísè lè wá a kà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá yìí ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fún àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì tó ọjọ́ orí ilé ìwé, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin tí kò rí owó ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1932, Abeokuta Ladies' Club. Kí n sọ òótọ́, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọ̀làjú ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyàwó olùkọ́, ìyàwó pásítọ̀, àwọn tó mọ bí a ṣe ń ran aṣọ òyìnbó, tí wọ́n ń jókòó mu tíì. A mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, a ní in níbí náà. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, n kò ní rí nǹkan sọ lónìí.

Ohun tó yí i padà, ìwé kíkà ni. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò mọ̀wé, wá bá a pé kó kọ́ òun ní bí a ṣe ń kà. Ó kọ́ ọ. Láti ibẹ̀, ó ṣí kíláàsì fún àwọn obìnrin ọlọ́jà. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ta ọjà láti àárọ̀, tí ẹsẹ̀ ń ro, jókòó sí orí bẹ́ǹṣì ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń pe a, b, d. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá sí kíláàsì alẹ́ wa mọ bí bẹ́ǹṣì yẹn ṣe ń rí fún ẹni tó ti bí ọmọ márùn-ún.

Ẹ̀kọ́ lọ, ẹ̀kọ́ bọ̀, àwọn obìnrin ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Lásìkò ogun Hitler, ìjọba ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun, àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn lówó pọ́ọ́kú. Nígbà tó di 1944, Fúnmiláyọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, wọ́n gbé e dé inú ìwé ìròyìn, ìrẹsì gbígbà náà sì dúró. Ní 1946, wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyàwó olùkọ́ àti aláta jókòó pọ̀, wọ́n wọ aṣọ kan náà.

Lẹ́yìn náà ni owó-orí dé. Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn Aláké ni mo ń sọ, kì í ṣe ti ààfin ibí o. (Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo ti tọrọ àforíjì.) Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ní owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ san án. Àwọn òyìnbó ló fẹ́ owó náà, ọba àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á, ẹ̀bi sì wá ń bọ́ sórí ààfin. Báwo ni agbowó-orí ṣe ń mọ ọmọ tó pé ọdún 15? Ìwé ìbí kò sí. Wọ́n á bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin, wọ́n á wo àyà rẹ̀. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ lójú àgbà, ó wà nínú ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin náà mú wá. Ara ọmọ ló di ìwé tí wọ́n ń kà, torí pé kò sí ìwé gidi.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí yìí. Gbogbo olùkọ́ tó bá ń kọ́ kíláàsì CM2 tàbí troisième ní Bassila mọ oṣù tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Oṣù yẹn ni a máa ń rí i pé ọmọ yìí kò ní acte, ti tọ̀hún kò bá orúkọ tó ń jẹ́ mu, ti ẹlòmíràn ní ọjọ́ ìbí tí ó fi dàgbà ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí mairie. Nígbà tí RAVIP dé ní 2017, tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn wá forúkọ sílẹ̀, a rí i bí àwọn ìyá wa ti pọ̀ tó tí wọ́n ń mú ẹlẹ́rìí wá láti sọ pé wọ́n bí wọn. Wọ́n ti di ìyá àgbà, wọ́n ti sin ọkọ, wọn kò ní bébà kan ṣoṣo tó ní wọ́n wà láyé. Bí mo bá ń sọ nípa Abẹ́òkúta 1947, ẹ má rò pé mo ti jáde nílé.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kì í ṣe àkọ́kọ́ tó bínú sí owó-orí ní etí òkun tiwa yìí. Àwọn ará Porto-Novo ti dìde sí ti àwọn Faransé ní 1923. Àwọn obìnrin ọlọ́jà Lomé, tí ọ̀pọ̀ yín ń bá ná ọjà títí dòní, ti dìde ní oṣù kìíní 1933. Ohun tó ya Abẹ́òkúta sọ́tọ̀ ni pé àwọn obìnrin náà ní ìwé lọ́wọ́ àti ẹni tó lè kọ ọ́. Wọ́n kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba àti àwọn ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1947, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán àwọn aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako òfin tuntun tí àwọn òyìnbó ṣe, Fúnmiláyọ̀ nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Lọ́hùn-ún, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé kí àwọn òyìnbó tó dé, obìnrin ilẹ̀ wa ní ipò àti iṣẹ́ tirẹ̀. Inú àwọn ńlá ńlá nílé kò dùn sí i.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó obìnrin jọ, tí àwọn aláṣẹ kò fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n á ní àwọn ń lọ ṣe ọdún ni, tàbí àwọn ń lọ ṣe fàájì. Ẹ ò rí i? Ọdún bí irú èyí tí à ń ṣe yìí. Ta ló lè ní kí obìnrin má ṣe ọdún? Ní oṣù kọkànlá 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó lọ jókòó níwájú ààfin, wọ́n kọrin, wọ́n sì sun ibẹ̀. Wọ́n tún padà lọ ní oṣù kejìlá. Ìyá yìí ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ọlọ́pàá bá yin afẹ́fẹ́ tajútajú lù wọ́n. Ìtàn kan wà nípa ọ̀pá Orò tí wọ́n máa ń sọ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ òní tó jẹ́ ọjọ́ ọdún, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ní 1948, wọ́n dá owó-orí obìnrin náà dúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè. Ó padà sí i ní 1950, ìlú sì tún gbà á.

Nípa ìṣèlú rẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé ìbò, ìbò kò gbè é. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fà á kalẹ̀ ní 1959, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì débì kankan. Àwọn obìnrin tó fọwọ́ sí i níwájú ààfin kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e dé ibi ìdìbò. Ó ní agídí, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní agídí kò lè ṣe ohun tó ṣe.

Ìrìn-àjò rẹ̀ ló kù. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀nà kò bà á lẹ́rù rí. Ó wọ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1945, tí ìwé Faransé ń pè ní FDIF. Ìyẹn gbé e dé Hungary, dé Rọ́ṣíà, dé Ṣáínà. Ní 1956, ó rí Mao lójúkojú. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ-ọmọ Sobowale, pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ní Ṣáínà. Ibi gbogbo tó dé, ọ̀rọ̀ obìnrin ọlọ́jà ló ń sọ. Bó bá sì padà, á sọ ohun tó rí fún àwọn obìnrin ọlọ́jà.

Ní 1957, ó gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ kí wọ́n bá a sọ ọ́ di tuntun. Ìjọba Nàìjíríà kọ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ kó èrò kọ́múníìsì wá bá àwọn obìnrin Nàìjíríà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà náà kò fún un ní físà. Lẹ́yìn òmìnira ni ó tó rí ìwé ìrìnnà gbà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gba ibodè kọjá lọ sí Togo pẹ̀lú ẹrù, tí wọ́n ti dá dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán torí bébà kékeré kan, ẹ mọ ohun tó ṣe é. Obìnrin tó ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní agbára ìwé, ìwé ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀.

Iyì dé nígbẹ̀yìn. Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1968, Rọ́ṣíà sì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970. Nígbà tí Fẹlá ju Ransome nù kúrò nínú orúkọ rẹ̀, tó di Aníkúlápó, ìyá náà tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, ó yí tirẹ̀ padà pẹ̀lú. Ó ti lé ní 70 ọdún nígbà yẹn. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Obìnrin tó ju Frances nù ní ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ṣì lókun láti ju orúkọ òyìnbó mìíràn nù lọ́jọ́ alẹ́.

Ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun ya bo ilé Fẹlá ní Èkó. Ìyá àgbà wà nínú ilé. Wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n sin ín pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, àwọn ọlọ́jà sì ti ìsọ̀ wọn pa nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ẹrù tó fi sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wa bá kú níbí, a máa ń pín aṣọ, a máa ń pín ìlẹ̀kẹ̀ àti abọ́. Bébà inú àpótí rẹ̀, a ń fi dáná. Mo ti rí i lójú ara mi: lẹ́tà tí ọkọ kan kọ sílé láti Abidjan, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ra ilẹ̀, ìwé àjọ tí orúkọ ogún obìnrin wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ohun tí wọ́n fi gbé ìkòkò kaná. Àwọn ìwé Fúnmiláyọ̀, lẹ́tà rẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí dòní. Láti inú wọn ni àwọn obìnrin méjì, Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba, ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tó jáde ní 1997. Bí wọ́n bá ti dáná sun wọ́n ni, èmi olùkọ́ ní Bassila ì bá má mọ orúkọ Sarah Taiwo.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún fẹ́ fi ìwé Yorùbá ṣe, nígbà tó jẹ́ pé Faransé ni gbogbo bébà ìjọba. Mo ní ìdáhùn kan. Ìyá kan wà nínú kíláàsì alẹ́ wa. Ọjà tó ń ná, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdọọdún ló ti ń san owó ìsọ̀, agbowó á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, á jù ú sínú abọ́. Nígbà tó mọ òǹkà àti álífábẹ́ẹ̀tì tán, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó wò ó. 100 ló wà lórí rẹ̀. 200 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣẹ́ńjì mi dà?" Ọmọkùnrin náà wò ó títí, ó sì fún un. Lọ́jọ́ ọjà kejì, àwọn ìyá mẹ́rin tó wà nítòsí rẹ̀ ló wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin tí lẹ́tà ń dẹ́rù bà, ẹ má bẹ̀rù. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà máa ń fi àmì sísàlẹ̀ e àti o, tiwa ní Benin máa ń kọ ɛ àti ɔ. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan á mọ èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. A ti rí i ṣe.

UNESCO ṣe ìwé àwòrán kan nípa ìyá yìí ní 2014, ó wà ní Faransé, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti tẹ díẹ̀ jáde, ó wà lórí tábìlì lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta omi. Ẹ̀yin ọmọ CEG, ẹ kà á fún ìyá yín ní èdè ilé. Kayé tí a fi ń kọ orúkọ fún kíláàsì alẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọbìnrin mi ló jókòó tì í. Ẹni tó bá ní bébà àtijọ́ nílé, tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó mú un wá lẹ́yìn ọdún, a ó jọ kà á.

 Kí àwọn onílù máa bá tiwọn lọ.